Ṣé lóòótọ́ ni ìgbì omi lè fi ihò hàn lára páìpù tó gba abẹ́ dáàmù?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà. Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó omi ìlú wa ní agbègbè Mọ̀bà, ní àríwá Èkìtì níbí. Pọ́ǹpù wa wà létí dáàmù kékeré kan, tánkì wa sì wà lórí òkè ní òdìkejì omi. Páìpù irin ló so méjèèjì pọ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 200, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 900. Ó tọ etí omi lọ fún mítà 200, ó wọ inú dáàmù, ó jáde ní mítà 550, ó wá gun òkè lọ bá tánkì. Láti bí oṣù mélòó kan, tánkì tó máa ń kún kí ọ̀sán tó pọ́n kì í kún mọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, dísù sì ń jóná. A ti rin ti orí ilẹ̀, a kò rí ibi tó tutù. Àwọn òmùwẹ̀ wọ omi, wọ́n ní ó ṣókùnkùn, àwọn kò rí nǹkan kan. Ọkùnrin kan wá ní òun lè ju prẹ́ṣọ̀ sínú páìpù láti ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù, kí òun sì sọ ibi tó ti ń jò láì fi ẹsẹ̀ kan omi. Ìgbìmọ̀ ìlú ní ẹ̀tàn ni. Kí lẹ rí sí i?"

Ìdáhùn:

Kì í ṣe ẹ̀tàn rárá, ẹ bá mi sọ fún ìgbìmọ̀. Ohun tí ọkùnrin yẹn sọ ṣeé ṣe, wọ́n sì ń ṣe é káàkiri ayé lórí páìpù omi àti páìpù epo rọ̀bì, pàápàá èyí tó gba abẹ́ omi, níbi tí ojú kò ti lè ríran, tí ilẹ̀ kò sì ní tutù kí ènìyàn fi mọ̀. Àmọ́ kí ẹ tó san owó fún un, iṣẹ́ méjì wà tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe láàárín ọjọ́ kan. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe wọ́n, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi hàn yín pé kì í ṣe inú omi ni wàhálà yín wà.

Àkọ́kọ́ ni pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Omi dáàmù máa ń gbé iyanrìn díẹ̀díẹ̀, iyanrìn yẹn sì máa ń jẹ abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù tó ti jẹ báyìí á máa dún, á máa jẹ dísù, ṣùgbọ́n kò ní lè ti omi dé òkè dáadáa. Ẹ tan án, kí ẹ rọra ti fáàfù iwájú rẹ̀ pa pátápátá, kí ẹ wo ibi tí géèjì tó ń ka prẹ́ṣọ̀ níhà pọ́ǹpù gùn dé, kí ẹ sì tètè ṣí i padà. Ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ, torí omi tó há sínú pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí, ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé tí pọ́ǹpù bá wá. Bó bá fi púpọ̀ dín sí i, pọ́ǹpù ni kí ẹ tún ṣe.

Bí ẹ bá rántí iye tí géèjì máa ń kà nígbà tí nǹkan dára, tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ tí fáàfù sì ṣí sílẹ̀, ìyẹn náà á là yín lóye. Páìpù tó ń jò máa ń jẹ́ kí géèjì lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, nítorí omi ti rí ọ̀nà mìíràn gbà. Páìpù tí ẹrọ̀fọ̀ dí máa ń jẹ́ kó gòkè ju ti tẹ́lẹ̀. Àìkún tánkì kan náà ni àwọn méjèèjì ń fà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn yàtọ̀ pátápátá. Páìpù tó sọ̀kalẹ̀ sínú dáàmù tó tún gòkè jáde, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹrọ̀fọ̀ máa ń fẹ́ jókòó sí. Nítorí náà, ẹ má tíì pinnu pé jíjò ni.

Iṣẹ́ kejì ni mo fẹ́ràn jù, kò sì gba nǹkan kan ju géèjì tó dára lọ. Ẹ pa pọ́ǹpù. Ẹ ti fáàfù iwájú pọ́ǹpù, ẹ sì ti ti ẹnu tánkì. Géèjì gbọ́dọ̀ wà láàárín fáàfù méjèèjì yẹn, níhà páìpù, kì í ṣe níhà pọ́ǹpù. Kí ẹnì kan jókòó tì í, kó máa kọ iye tó ń kà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí kò bá lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan, páìpù yín kò jò. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ má dìde. Ibi tó bá dúró sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Omi á máa gba ojú ihò jáde títí ipá, ìyẹn prẹ́ṣọ̀, tó wà nínú páìpù níbẹ̀ fi máa dọ́gba pẹ̀lú ti ìta. Bí ihò bá wà lórí òkè, níhà tánkì, géèjì á dúró sí iye tó bá gíga ihò náà mu. Báà ni ìwọ̀n tí géèjì fi ń ka ipá, báà kan sì jẹ́ nǹkan bíi mítà omi mẹ́wàá. Bí géèjì bá dúró sí báà 0.8, ihò yẹn fi nǹkan bíi mítà mẹ́jọ ga ju géèjì lọ. Ẹ lọ wá ibi tí páìpù ti ga tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò, bí ilẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Àpáta abẹ́ ilẹ̀ Èkìtì lè gbé omi gba ọ̀nà mìíràn lọ tí orí ilẹ̀ kò fi ní tutù. Ṣùgbọ́n bí ihò bá wà lábẹ́ dáàmù, omi dáàmù ń ti ihò náà láti ìta, ipá inú kò sì ní dúró àfi tó bá dọ́gba pẹ̀lú ojú omi dáàmù. Bí géèjì yín bá wà lókè ojú omi, á lọ dé òdo.

Ohun kan lè tàn yín jẹ níbẹ̀. Bí fáàfù iwájú pọ́ǹpù kò bá dí dáadáa, omi á gba inú pọ́ǹpù padà sínú dáàmù, géèjì á sì lọ dé òdo bákan náà, bí ẹni pé páìpù ló lu. Kí ẹ tó gba géèjì gbọ́, ẹ tú ìsopọ̀ tó wà láàárín fáàfù àti pọ́ǹpù, kí ẹ wò ó bóyá omi ń kán. Fáàfù tí kò dí dáadáa ti mú kí àwọn ènìyàn náwó lórí òmùwẹ̀ lásán. Mítà 200 tó tọ etí omi náà lè mú géèjì lọ dé ẹ̀bá òdo, àmọ́ ìyẹn ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn ín, kí ẹ sì gbẹ́ ìdí gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀ wò.

Bí fáàfù bá gbẹ tónítóní, tí pọ́ǹpù dára, tí géèjì sì lọ dé òdo, ẹ pe ọkùnrin yẹn padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá dúró ní ẹsẹ̀ òkè Olósùnta ní Ìkéré, tó kígbe, gbohùngbohùn á dá a lóhùn, bó bá sì ṣe jìnnà sí àpáta tó ni ìdáhùn á ṣe pẹ́ tó. Nínú páìpù, ipá omi ni a máa ń fi kígbe. Bí omi bá ń ṣàn tí a dá a dúró lójijì, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á fún èyí tó wà níwájú, fífún yẹn á sì sáré padà gba inú páìpù lọ. Òun ló ń dún gbàgà nínú ilé alájà nígbà tí ènìyàn bá yára ti ẹ̀rọ omi. Ìgbì yẹn á sáré títí á fi kan nǹkan tó yàtọ̀: ihò, ibi tó fún, afẹ́fẹ́ tó kó jọ, tàbí tánkì. Apá kan nínú rẹ̀ á padà wá bá wa. Bí a bá mọ eré tó ń sá, tí a sì mọ ìgbà tó padà dé, a ti mọ ibi tó ti padà. Eré ní ìlọ́po àkókò, kí a pín in sí méjì, nítorí àlọ àti àbọ̀ ni.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1878 ni Korteweg, ará ilẹ̀ Họ́láǹdì, ti kọ ìṣirò eré tí ìgbì máa ń sá nínú páìpù tó lè nà. Ní 1897 àti 1898, Nikolai Zhukovsky, ará Rọ́ṣíà, dán an wò lórí àwọn páìpù omi ìlú Moscow, ó sì fi hàn pé bí omi bá dúró lójijì, ipá tó máa dé bá páìpù dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi ní ìlọ́po eré ìgbì ní ìlọ́po eré tí omi ń ṣàn tẹ́lẹ̀. Òfin Zhukovsky yẹn náà ni a ṣì ń lò lónìí. Ohun tó yí padà ni pé sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ipá, àti kọ̀ǹpútà ti wá rọrùn láti rà.

Nínú omi gbalasa, ìgbì máa ń sá nǹkan bíi mítà 1,480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú páìpù kò lè yá tó bẹ́ẹ̀, nítorí ara páìpù máa ń fẹ̀ díẹ̀ bí ìgbì ṣe ń kọjá. Páìpù irin bíi tiyín, bí ara rẹ̀ bá nípọn tó mìlímítà mẹ́fà, ìṣirò á fún un ní nǹkan bíi 1,250. Páìpù PVC kò ju 300 sí 450 lọ. Páìpù rọ́bà dúdú tí wọ́n máa ń ká bí okùn tún lọ́ra ju ìyẹn lọ, 200 sí 350. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pààrọ̀ apá kan páìpù yín sí PVC nígbà àtúnṣe kan, ó pọn dandan kí ọkùnrin yẹn mọ̀, torí ìgbì á yí eré padà níbẹ̀, á sì tún dá apá kan padà bí ẹni pé nǹkan ti bàjẹ́.

Nọ́ńbà inú ìwé yìí kò tó láti fi ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ mi lórí gbogbo nǹkan yìí sì dúró lórí kókó kan: lára páìpù tiyín ni kí ẹ ti wọn eré ìgbì náà. Ó rọrùn. Tánkì yín wà ní mítà 900, a mọ̀ ọ́n, a sì mọ̀ pé ìgbì á padà láti ibẹ̀ dandan. Ká ní ìdáhùn tánkì dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 1,800, nítorí náà eré jẹ́ 1,200. Ká wá ní a rí i pé ipá já sílẹ̀ díẹ̀ ní 0.6 ìṣẹ́jú àáyá, ṣáájú ti tánkì. Ibi tó ti wá jẹ́ mítà 360 sí pọ́ǹpù, tí ó túmọ̀ sí mítà 160 lẹ́yìn ibi tí páìpù wọ omi. Ẹni tó bá fi 1,250 inú ìwé ṣe é á sọ fún yín pé mítà 375 ni. Mítà 15 nísàlẹ̀ omi tó dúdú, níbi tí òmùwẹ̀ ti ń fi ọwọ́ táràrà, iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan lè ṣòfò nínú rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló burú jù. Bí afẹ́fẹ́ bá tú ká sínú omi ní ìwọ̀n ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún péré, tí ipá kò sì pọ̀, ìgbì tó ń sá ju 1,200 lọ lè rẹlẹ̀ dé nǹkan bíi 300. Nítorí náà, bí ìdáhùn tánkì yín bá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì àti díẹ̀, dípò kan àti ààbọ̀, ẹ má ka nǹkan kan mìíràn lórí ìlà ipá tí kọ̀ǹpútà ọkùnrin yẹn bá fà. Afẹ́fẹ́ wà nínú páìpù. Ẹ lọ tú u jáde níbi tí páìpù ti ga jù, pàápàá ibi tó ṣe gọ̀dọ̀gbà lórí òkè kó tó dé tánkì, kí ẹ fi omi kún un lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tún dán an wò.

Bí wọ́n ṣe ń ju ìgbì náà wá ńkọ́? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra jù lọ. Bí ọkùnrin yẹn bá ní òun á jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ kí òun wá ti fáàfù ńlá pa lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Bí omi bá ń sá mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá nínú páìpù yín, tí ó dúró lójijì, ipá tó máa gùn lé e jẹ́ nǹkan bíi báà 12. Ìyẹn dà bí ẹni tó to omi tó ga tó mítà 120 lé ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Páìpù tó ti ń dógùn-ún kò ní gbà á. Lẹ́yìn tí ipá bá ti gòkè, á tún já sílẹ̀ bákan náà, páìpù á sì máa fa nǹkan wọlé gba ojú ihò. Bí ẹ bá ń fi klórínì sí omi kó tó wọ páìpù, omi dáàmù tí a kò tọ́jú ni ẹ máa fà mọ́ ọn. Àwọn ọmọ wa ló máa mu ún.

Ọ̀nà tó dára kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ ti fáàfù iwájú rẹ̀, kí ẹ ṣí ti tánkì sílẹ̀ kí omi òkè máa tẹ páìpù mọ́lẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù, lára páìpù, ẹ fi ẹ̀rọ omi kékeré kan sí i, mìlímítà 25, irú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí ìdá mẹ́rin péré tó sì ti pa. Ẹ ṣí i díẹ̀ kí omi máa dà jáde títí ṣíṣàn rẹ̀ á fi dúró déédéé. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 wọn ọ́n: bó bá kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, lítà méjì ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ti i pa ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú páìpù tó fẹ̀ tó tiyín, ìgbì tó máa jáde kò ju mítà omi méje sí mẹ́jọ lọ, kò sì lè ṣe páìpù tó ṣì ń gbé omi lọ sókè lójoojúmọ́ ní ibi kankan.

Kíákíá tí a bá ti i ló ṣe pàtàkì. Bí ọwọ́ bá pẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, iwájú ìgbì á ti gùn tó mítà 120, ihò kékeré á sì farapamọ́ sínú rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń lo irin tí sípírìngì ń tì, kì í ṣe ọwọ́ lásán.

Báwo ni ìdáhùn ihò ṣe máa tóbi tó? Ká ní ihò náà ń da lítà kan nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò dà bí ẹni pé ó pọ̀, àmọ́ lítà 36,000 ni láàárín wákàtí mẹ́wàá tí pọ́ǹpù fi ń ṣiṣẹ́. Ká sì ní ipá inú páìpù níbẹ̀, lẹ́yìn tí a yọ ti omi dáàmù tó ń tì í láti ìta kúrò, jẹ́ mítà 30. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìgbì tí a jù, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà omi 25. Géèjì onítọ́ka tí ẹ ní kò lè fi ìyẹn hàn, ojú ènìyàn kò sì lè bá a sáré. Ó gba sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ipá ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kan, ó kéré tán, ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kọ̀ǹpútà sì ń fà á ní ìlà. Ó tún gba sùúrù. Kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n sì da gbogbo ìlà náà pọ̀ mú àárín gbùngbùn rẹ̀. Ariwo lásán máa ń yí ààyè padà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ihò kì í kúrò lójú kan.

Mo mẹ́nu ba omi tó ń ti ihò láti ìta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló mú páìpù abẹ́ omi yàtọ̀ sí ti orí ilẹ̀. Ihò kan náà, bí dáàmù bá kún, á da omi díẹ̀ nù. Bí omi dáàmù bá fà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tó ń tì í láti ìta á dínkù, á sì da púpọ̀ nù. Bí àìkún tánkì yín bá ń burú sí i bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀rí ni.

Bí ìlà bá ti jáde, kíkà rẹ̀ wá di iṣẹ́ ẹni tó mọ páìpù. Ẹ̀rọ kò mọ ihò. Ohun tó mọ̀ ni pé ipá yí padà ní àkókò báyìí. Ihò máa ń mú kí ìlà já sílẹ̀ kó sì dúró sísàlẹ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó kó jọ sí ojú kan á mú kó já sílẹ̀ kó tún gòkè padà kíákíá. Ẹrọ̀fọ̀ tó gba apá gígùn kan nínú páìpù á mú kó kọ́kọ́ gòkè níbi tí páìpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún, lẹ́yìn náà á tún sọ̀kalẹ̀ níbi tó ti gbòòrò padà. Irin tí ìpẹtà ti jẹ tinrin náà máa ń já ìlà sílẹ̀, ṣùgbọ́n á gòkè padà níbi tí irin tó nípọn bá tún ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ka, gbogbo fáàfù, gbogbo ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ páìpù rí, ló ń dá ìgbì padà díẹ̀. Nítorí náà, ẹ wá àwòrán tí wọ́n fi to páìpù náà. Bí kò bá sí, ẹ wá àwọn àgbà tó bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, kí wọ́n bá yín rin ojú ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù wọn gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí. Mo rò pé ọjọ́ kan tí ẹ bá lò fún ìyẹn níye lórí ju sẹ́ńsọ̀ tó wọ́n jù lọ.

Ẹ má gba nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tún dán an wò láti ibòmíràn, ká ní ibi tí páìpù ti jáde nínú omi ní mítà 550, bí ẹ bá lè fi ẹ̀rọ omi kékeré síbẹ̀. Láti ibẹ̀, ìgbì á lọ sí ìhà méjèèjì. Bí ihò bá wà ní 360 lóòótọ́, ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà 190 hàn. Bí àyẹ̀wò kejì bá ń tọ́ka sí ibòmíràn, a jẹ́ pé ohun tó rí lákọ̀ọ́kọ́ kì í ṣe ihò, tàbí pé eré ìgbì kò rí bákan náà jákèjádò páìpù. Kí ó tún sọ fún yín, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, iye mítà tí ó lè fi lé tàbí kó fi dín. Ẹni tó bá ní mítà 360 gééré láìsí àlékún tàbí àdínkù kò tíì wọn páìpù abẹ́ omi rí. Kí ó fún yín ní ìlà náà gan-an pẹ̀lú, kì í ṣe ìdáhùn nìkan.

Àwọn kan á wá bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò lo ẹ̀rọ tó ń fetí sí ìró jíjò láti ìkángun méjèèjì. Ó dára lórí páìpù irin kéékèèké tí kò gùn. Ṣùgbọ́n ìró jíjò máa ń kú bó ṣe ń jìnnà, ẹ kò sì ní ibi tí ẹ máa gbé e kọ́ láàárín mítà 350 tó wà lábẹ́ omi. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn elépo rọ̀bì ń lò: sẹ́ńsọ̀ tó ń dúró lójú kan ní ìkángun méjèèjì, tó ń retí ìgbì tí páìpù fúnra rẹ̀ á jù ní ìṣẹ́jú tó bá bẹ́. Ìyẹn kò wúlò fún ihò tó ti wà tipẹ́ bíi tiyín, torí ìgbì rẹ̀ ti kọjá.

Bí ẹ bá ti rí ibẹ̀, ẹ na okùn láti etí omi kan dé èkejì ní ojú ọ̀nà tí páìpù gbà, kí ẹ so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ọn ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá, kí òmùwẹ̀ lè mọ ibi tó wà. Kò gbọdọ̀ rìn jìnnà ju ìwọ̀n àlékún àti àdínkù tí wọ́n kọ fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní etí dáadáa níhìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ omi nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, tàbí nígbà tí ẹlòmíràn lè tàn án láìmọ̀. Ẹ yọ wáyà tàbí bátìrì ẹ̀rọ tó ń yí i, kí kọ́kọ́rọ́ ilé pọ́ǹpù sì wà lọ́wọ́ òmùwẹ̀ fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tó fọkàn tán. Kí ipá inú páìpù ti dọ́gba pẹ̀lú ti ìta kó tó sún mọ́ ihò náà. Bí ipá inú bá pọ̀ ju ti ìta lọ, omi tó ń tú jáde lè ya ẹran ara. Bí ó bá kéré ju ti ìta lọ, ihò tó tóbi díẹ̀ lè fa ọwọ́ ènìyàn wọlé kó sì dì í mú nísàlẹ̀ omi, kò sì sí agbára tó máa yọ ọ́ títí ipá fi máa dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pàdánù òmùwẹ̀ tó mọṣẹ́. Ẹ tún lo òmùwẹ̀ tó ní ẹnìkejì lókè àti okùn lára, kì í ṣe ọmọ tó kàn mọ omi wẹ̀.

Títún un ṣe kò le púpọ̀. Ìdìmú irin onínọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú ni wọ́n á fi dì í bó bá jẹ́ ihò. Bó bá jẹ́ ìsopọ̀ ló ya, tí dáàmù sì kéré bíi tiyín, ó lè sàn kí ẹ dúró de oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, nígbà tí omi bá fà jù, kí ẹ gbé apá yẹn sókè.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún un ṣe tán, kí ọkùnrin yẹn má tíì lọ. Kí ó ju ìgbì lẹ́ẹ̀kan sí i sínú páìpù tó ti sàn, kí ó fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i pẹ̀lú ibi tí ojú omi dáàmù dé lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ìyẹn kún iye owó tí ẹ máa bá a dá, kó má baà di àríyànjiyàn. Ìlà páìpù tó sàn ló máa jẹ́ kí ti ọjọ́ iwájú ṣeé kà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, torí ohun tó bá yàtọ̀ lórí èkejì nìkan ni ẹ máa wá. Ó dùn mí pé dáàmù púpọ̀ ní ilẹ̀ wa kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ to páìpù tuntun ló rọrùn jù láti ṣe é, ìgbà yẹn náà sì ni kò sẹ́ni tó ń rò ó.

Ní báyìí, iṣẹ́ géèjì nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé fáàfù kò kán. Ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi iye tí géèjì dúró sí, bí ó ṣe pẹ́ tó kó tó dúró, àti iye mítà tí géèjì fi ga ju ojú omi dáàmù lọ lọ́jọ́ náà. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn tó fún mi láti sọ fún yín bóyá kí ẹ pe ọkùnrin náà, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ́ lọ sórí òkè.